Bíà kíkan alájàrà: ohun tí wọ́n máa ń bi mí ní Ṣómólú

Inú ilé ìdáná kan ní Ṣómólú ni mo ti ń pọn bíà, lórí síìlíńdà gáàsì kan, nínú ìkòkò tí wọ́n fi ń se ìrẹsì òde. Ẹni tó bá ti tọ́ ọ wò á kọ́kọ́ ní "kí lèyí?", á wá ní "báwo lẹ ṣe ṣe é?" Mo kọ ìdáhùn síbí kí ẹnu mi lè sinmi díẹ̀. Líta 20 ni mo máa ń pọn lẹ́ẹ̀kan, torí náà ìwọ̀n tí ẹ bá rí nísàlẹ̀, ti líta 20 ni.

Bíà ni àbí wáìnì?

Bíà ni. Ọkà ló bí i. Ṣúgà ti wà nínú èso àjàrà kó tó kúrò lórí igi, kí yíìsì ṣáà máa jẹ ẹ́ ló kù. Ti ọkà kò rí bẹ́ẹ̀. Sítáàṣì ló pọ̀ nínú ọkà, yíìsì kò sì lè jẹ sítáàṣì. A ní láti mú ọkà hù kí ohun tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà lè jí nínú rẹ̀. Àjàrà inú bíà yìí, ẹ̀yìn ló ń dé, nígbà tí òde ti gbóná.

Ta ló kọ́kọ́ kó àjàrà sínú bíà?

Àjàrà inú ọtí ọkà ti pẹ́ láyé, n kò lè tọ́ka sí ẹnì kan. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ ti òde òní, ẹ wo Brussels ní Bẹ́ljíọ̀mù. Cantillon, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1900, ń pọn bíà kíkan níbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀kan tí wọ́n ń fi àjàrà Muscat ṣe, Vigneronne lorúkọ rẹ̀, àti Saint-Lamvinus tí wọ́n ń fi àjàrà Merlot àti Cabernet Franc ṣe. Àwọn ará Ítálì náà ní tiwọn, Italian Grape Ale, tí ìwé ìlànà àwọn adájọ́ bíà ní Amẹ́ríkà, BJCP, dárúkọ ní 2015. Ti Ítálì lè má kan rárá o.

Mo gbọ́ pé ní Brussels, ìkòkò ṣíṣí ni wọ́n ń gbé sílẹ̀ mọ́jú kí afẹ́fẹ́ lè bá a ṣiṣẹ́. Ṣé a lè ṣe bẹ́ẹ̀ níbí?

Ẹ má dán an wò. Lóòótọ́, wọn kì í fi yíìsì sí i. Wọ́n á da omi ọkà gbígbóná sínú ọpọ́n fẹ̀ǹfẹ̀ kan lábẹ́ òrùlé, á tutù mọ́jú, ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ á sì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà òtútù nìkan ni wọ́n ń ṣe é, láti nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin. Tí ooru bá ti dé, wọ́n á dáwọ́ dúró.

Òru Èkó wá ń kọ́? Dígírì 24, 25. Ìkòkò yín á ṣì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí wọ́n bá ń pe ìrun àsùbáá, ohun tó sì máa kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ irú omi bẹ́ẹ̀, òórùn rẹ̀ á lé yín jáde nílé. Ẹ bi ẹlẹ́mu. Ẹmu tó dùn bí oyin láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti le. Tó bá di ọ̀túnla, ẹ lè fi fọ ẹja. Kíkan kò ṣòro fún ohunkóhun ní Èkó. Kí ẹ mọ ohun tó ń mú un kan, kí ẹ sì dá a dúró síbi tó wù yín, ibẹ̀ niṣẹ́ wà, gbogbo ohun tí mo bá sì sọ nísàlẹ̀, orí èyí ló dá lé.

Kí ló wá ń mú un kan?

Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Lactobacillus. Ẹ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: òun ló wà nínú ògì, òun ló wà nínú yógọ́ọ̀tì. Á jẹ ṣúgà, á sì fi ásíìdì sílẹ̀, kíkan tútù tó ń mú itọ́ sun lẹ́nu. Kíkan ọtí kíkan yàtọ̀ ní tirẹ̀. Bakitéríà mìíràn ló ń ṣe ìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ rí afẹ́fẹ́ kó tó lè ṣe é. Tí imú yín bá ń gbóòórùn ọtí kíkan nínú bíà, ìdérí yín kò dé dáadáa.

Ṣé mo lè bu omi ògì sí i?

Mo ti bu ú rí, lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ dára débi pé mo ń yan fanda nínú ilé. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ ìyá ológì kan náà ni mo ti rà á, ìkòkò kan náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí i, òórùn èébì ọmọ ọwọ́ ló kọ lù mí. Mo dà á nù sínú gọ́tà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà pẹ̀lú ará ilé kejì.

Ohun tó fà á ni pé Lactobacillus nìkan kọ́ ló ń gbé inú ògì. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀, ẹ kò sì lè mọ èwo ló máa borí lọ́jọ́ náà. Ní báyìí, káńsùlù Lactobacillus plantarum tí wọ́n ń tà ní ilé ìpoògùn ni mo ń lò. Mo máa ń wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀ pé orúkọ yẹn nìkan ló wà níbẹ̀.

Ọkà wo lẹ ń lò?

Ọkà bàbà. Báálì ni wọ́n ń lò lókè òkun, ó sì ṣeé rà wá, ṣùgbọ́n owó rẹ̀! Ọkà bàbà kì í sì ṣe ohun tí a ń fi tọrọ gáfárà. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó báálì wọlé ní 1988, òun àti àgbàdo ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń pọn bíà tí gbogbo wa ń mu. Àwọn ìyá tó ń pọn ọtí bàbà kò tilẹ̀ fi ìgbà kankan dúró de òfin.

Kìló 5 ni mo ń lò. Mo máa ń rẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan, màá tẹ́ ẹ sórí àpò tútù fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí á fi hù, màá wá sá a sóòrùn. Tó bá gbẹ, màá fi ọwọ́ ra á, màá sì fẹ́ gbogbo èéhù àti gbòǹgbò rẹ̀ dànù. Ẹ má fo ibí yìí o: májèlé wà nínú èéhù ọkà bàbà, irú èyí tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Lẹ́yìn náà ló kan ẹ̀rọ, kí wọ́n lọ̀ ọ́ ṣàkàṣàkà.

Mo se ọkà bàbà bí wọ́n ṣe ń se báálì, kò dùn rárá, ó kàn ń fà bí ògì. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Sítáàṣì ọkà bàbà kì í tètè jiná. Báálì ti ń rọ̀ ní bíi dígírì 60 sí 65. Ọkà bàbà á fẹ́ kó tó 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru tó sì lè se é jiná yẹn náà ló ń pa ohun tó yẹ kó sọ ọ́ di ṣúgà. Ẹ̀tàn ló gbà.

Ẹ po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi dígírì 50, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Á tòrò. Omi tó dá lókè yẹn ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ rọra bù ú sọ́tọ̀, bí ẹ ṣe máa ń bu omi orí ògì. Ẹ gbé èyí tó ki kaná, kí ẹ máa fi ọmọrógùn rò ó títí á fi jiná bí ẹ̀kọ. Ẹ jẹ́ kó tutù wá sí bíi 70, kí ẹ wá da omi àkọ́kọ́ padà sí i. Ohun tí a ń wá ni kí gbogbo rẹ̀ wà ní bíi 65. Ẹ fi aṣọ bo ìkòkò náà fún wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ̀kọ tó ki á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn níṣojú yín. Mo ti rí i tó ìgbà ogún, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tán, ẹ kán ayódíìnì ojú egbò sí díẹ̀ lórí abọ́ funfun. Tó bá dúdú bí ẹlú, sítáàṣì ṣì wà. Aṣọ tí ẹ fi ń sẹ́ ògì náà ni kí ẹ fi sẹ́ ẹ.

Omi wo?

Píọ wọ́tà. Omi bọ́hóòlù àdúgbò wa ń pọ́n bọ́kẹ́ẹ̀tì bí àpáàdì, omi ẹ̀rọ sì ní kílórínì tó ń mú ọtí gbóòórùn oògùn. Àpò méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta. Àwọn ọmọ ilé ló ń bá mi ya á.

Báwo lẹ ṣe ń mú un kan, báwo lẹ sì ṣe ń dá a dúró?

Màá kọ́kọ́ se omi ọkà náà kó hó fún ìṣẹ́jú 15, kí ohunkóhun tó wà níbẹ̀ kú. Màá jẹ́ kó tutù wá sí dígírì 35. Ní Èkó ẹ kò nílò ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan gbóná. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ìkòkò, ó tán. Kí n tó da káńsùlù sí i, màá kán ásíìdì láktíìkì sí i títí pH rẹ̀ (òǹkà tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan tó; bó bá ṣe ń kéré ló ń kan sí i) á fi wá sí 4.5, kí àwọn àlejò tí a kò pè má baà ráyè. Màá wá tẹ́ ọ̀rá mímọ́ lé ojú omi náà gan-an, kó fara kàn án, kí afẹ́fẹ́ má sí láàárín. Láàárín wákàtí 24 sí 36, á ti wà ní 3.3 tàbí 3.4, bíi ti omi ọsàn tó kan. Ẹ tọ́ ọ wò. Ahọ́n yín ni kó sọ pé ó tó, kì í ṣe ìwé tèmi.

Nígbà tó bá tó, ẹ gbé e padà síná kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bakitéríà kú, kíkan dúró síbi tó dé. Ìgbà yìí ni mo ń fi họ́ọ̀pù, òdòdó kíkorò tí wọ́n ń fi sí bíà, díẹ̀ sí i, gíráàmù mẹ́wàá péré. Họ́ọ̀pù kì í jẹ́ kí Lactobacillus ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá kù gìrì fi í sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ á fi ọ̀sẹ̀ kan máa retí kíkan tí kò ní í dé. Tó bá ti tutù, bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí ló kàn, ibẹ̀ ni yíìsì ti ń wọlé.

Yíìsì wo ló lè fara da ooru wa? NEPA kò fẹ́ ká lo fíríìjì.

Èyí tó pọ̀ jù nínú yíìsì bíà ń fẹ́ dígírì 18 sí 22. Tí ẹ bá fi wọ́n sí 30, wọ́n á ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ọtí náà á máa rùn bí ohun ìkun èékánná, orí yín á sì fọ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ lọ wá kveik, yíìsì àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Nọ́wè. Àwọn ará ilẹ̀ olótùútù ló ni í, àmọ́ ooru ló fẹ́ràn: 30 sí 38, ara rẹ̀ á yá gágá. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ariwo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ti lọ sílẹ̀. Yíìsì búrẹ́dì náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n ọtí á ṣú, á sì máa gbóòórùn ìyẹ̀fun. Mo ti mu ú. N kò ní mu ún mọ́.

Níbo ni mo ti máa rí àjàrà ní Èkó?

Kí ẹ tó béèrè, ẹ mọ̀ pé tí ẹ bá ní "gíréèpù" ní Mile 12, èso ńlá tó jọ ọsàn yẹn ni wọ́n á nawọ́ rẹ̀ sí yín. Ẹ ní èyí tó ń so ṣìkìtì-ṣìkìtì. Ó wà lọ́wọ́ àwọn eléso Ìkòyí àti Victoria Island, ó wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ó sì máa ń wà nínú ọkọ̀ ọwọ́ àwọn Mọ́là tó ń ta ápù. Àsìkò tí ti South Africa ń dé, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, ló máa ń dára jù.

Àjàrà jíjẹ ni gbogbo wọn. Ti wáìnì kéré lójú, èèpo rẹ̀ nípọn, kóró wà nínú rẹ̀, ṣúgà rẹ̀ sì tó gíráàmù 22 sí 25 nínú 100. Ti jíjẹ kì í sábà ju 16 sí 18 lọ, omi ló pọ̀ níbẹ̀. Tútù ti wáìnì kì í dé ọjà wa. Mo máa ń ra èyí tó dúdú jù, tó sì kéré jù, èyí tí àwọn oníbàárà mìíràn ń tì sẹ́yìn. Èyí tó ní kóró ni kí ẹ mú tí ẹ bá rí i, èèpo rẹ̀ le. Kìló 3 ni mo ń lò. Owó rẹ̀ máa ń dùn mí, kí n má parọ́.

Ṣé mi ò lè da jùsì àjàrà inú páálí sí i?

Ẹ ka ẹ̀yìn páálí. Tí ẹ bá rí sodium benzoate tàbí potassium sorbate, ẹ gbé e sílẹ̀. Torí kí yíìsì má lè ṣiṣẹ́ ni wọ́n ṣe fi í sí i. Tí kò bá sí níbẹ̀, á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èèpo tó ń fún un ní ara kò sí.

Ìgbà wo ni àjàrà ń wọlé?

Lẹ́yìn tí yíìsì bá ti jẹ ṣúgà ọkà tán, bíi ọjọ́ karùn-ún. Ṣúgà àjàrà rọrùn fún yíìsì ju ti ọkà lọ. Tí ẹ bá kó méjèèjì sí iwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ti àjàrà ló máa kọ́kọ́ jẹ, ìgbà mìíràn á sì kọ oúnjẹ tó kù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gáàsì tó ń hó jáde lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ á kó òórùn dídùn àjàrà lọ sójú fèrèsé.

Ẹ já wọn kúrò lára igi wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí igi náà korò. Ẹ fọ̀ wọ́n. Ẹ kó wọn sínú fíríìsà mọ́jú tí iná bá wà. Yìnyín á fọ́ wọn nínú, tí wọ́n bá yọ́ padà, ẹ fi ọwọ́ fún wọn, kí ẹ má lọ̀ wọ́n, nítorí kóró tó bá fọ́ ń korò. Ẹ wá gbé e sórí iná kékeré títí á fi dé bíi dígírì 70 sí 75, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tó ń gbé ara èèpo àjàrà pọ̀, ẹ kò sì ní fẹ́ fi ọwọ́ ara yín ṣí ilẹ̀kùn tí ẹ ti tì. Kó má hó o, tó bá hó, jáàmù ló dà.

Tó bá tutù, ẹ dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ máa rí i pé èèpo ti léfòó, ó sì ti so pọ̀ bí ìdérí. Ẹ fi ṣíbí tí ẹ fi omi gbígbóná bọ̀ tì í wọlé láàárọ̀ àti lálẹ́. Á rì, á mí "fúùù", ìfófó olómi aró pupa á gun etí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lókè kó gbẹ, ebu á hù lé e. Ọ̀sẹ̀ kan tó. Tó bá pẹ́ jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í gán yín lẹ́nu bí orógbó.

Kí ló dé tí tèmi kò pupa?

Ẹran inú àjàrà jíjẹ funfun ni, èèpo nìkan ló ní àwọ̀. Tí ẹ bá ti lo èyí tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ ẹnu ọmọ tuntun lẹ máa rí. Ásíìdì ń ràn yín lọ́wọ́ ṣá: àwọ̀ àjàrà àti àwọ̀ zobo, ẹbí ni wọ́n, bí nǹkan bá ṣe kan tó ni wọ́n ṣe ń pọ́n tó.

Ìgò mi bú. Kí ni mo ṣe?

Ẹ kánjú ni. Èmi náà kánjú. Ọ̀rẹ́ mi ń ṣe ìkómọ ní Bàrígà, mo sì ti ṣèlérí. Ọjọ́ kẹrin tí àjàrà wọlé ni mo rọ ọ́ sígò, mo tún fi ṣúgà sí i bó ṣe yẹ. Ní aago méjì òru ọjọ́ kẹta, gbàù! Kí n tó dìde, gbàù, gbàù. Ìgò 24 ló wà lábẹ́ tábìlì, mẹ́sàn-án ti lọ. Ìyá onílé kígbe látòkè, "Ta ni wọ́n yìnbọn fún?" Mo ní, "Bíà ni, mà." Wọn kò fèsì, ìyẹn ló tilẹ̀ dẹ́rù bà mí jù.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Bíà fẹ́ bíi gíráàmù 6 ṣúgà nínú líta kan kó tó lè ní gáàsì tó dára nínú ìgò. Gíráàmù 120 fún líta 20. Kìló 3 àjàrà ń kó bíi gíráàmù 25 wọ inú líta kọ̀ọ̀kan. Tí ìlàjì rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ dé ìgò, bọ́ǹbù lẹ dé. Ẹ ra haidrómítà, ọ̀pá gíláàsì tó ń léfòó nínú ọtí. Tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá yí padà fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin léraléra, ó ti tán. Ìgò bíà nípọn, ẹ lò ó, kí ẹ fi ìdérí tuntun dé e. Kí ẹ sì rọ ọ̀kan sínú ìgò ike mínírà: ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, nígbà tó bá le bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, àwọn tó kù ti dé ibẹ̀ náà. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Kò lè pa èèyàn bíi ti ògógóró ọjọ́sí?

Àwọn tó kú ní agbègbè Ìrèlè ní Oǹdó ní 2015, methanol, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Bíà kì í ṣe ọtí tí wọ́n ń sè láti gba ooru rẹ̀ bíi ògógóró; methanol tó lè wá láti inú èèpo àjàrà kéré púpọ̀, kò sí ohun tó ń kó o jọ. Ohun tí mo ń bẹ̀rù jù nínú iṣẹ́ yìí ni ìgò tó ń bú. Ṣùgbọ́n ọtí ni, ó ń tó 5 nínú 100. Ẹni tó bá lóyún, ẹni tó fẹ́ wakọ̀, kí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, kíkan rẹ̀ kò ní bá a lára mu.

Ẹ kò sọ̀rọ̀ Brettanomyces.

Yíìsì mìíràn ni, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Claussen ló ṣàlàyé rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Carlsberg ní 1904, láti ara bíà àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Á jẹ ṣúgà tí àwọn tó kù kò lè jẹ, fún oṣù mélòó kan, òórùn rẹ̀ á sì yí padà sí ti awọ àti ilé ẹṣin. Oṣù mẹ́fà nínú ooru Ṣómólú? N kò ní irú yàrá bẹ́ẹ̀.

Agbálùmọ̀ ń kọ́?

Mo ń gbìyànjú rẹ̀. Oje rẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ètè náà ń lẹ̀ mọ́ asẹ́, mọ́ ṣíbí, mọ́ gbogbo nǹkan. Ẹ fún mi di oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ lè tà á fún mi?

Rárá. Ọtí inú ìgò tí a bá fẹ́ tà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC, ilé ìdáná tèmi kò sì ní. Ẹ mú ìgò òfìfo mẹ́ta wá, àwọn tó nípọn, kí ẹ gba ọ̀kan lọ. Kí ẹ jọ̀wọ́, kí ìyá onílé má rí yín.